Búrẹ́ẹ̀tì Tó Pọ́n Bíi Tábà

  

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa pè mí láti Leeds. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí kò tíì ga ju tábìlì lọ. Ó ti rí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan nínú lábù níbẹ̀, iṣẹ́ fífọ ohun èlò dígí, èyí tó fi ń ran owó ilé àti owó oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Búrẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló wà níwájú mi, inú wọn ti pọ́n bíi tábà. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n, kò lọ. Ṣé kí n da ásíìdì líle sí i ni?"

Àyà mi já. Mo ní, "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀ ná. Kí ló wà nínú wọn kí wọ́n tó gbẹ?" Ó ní potassium permanganate ni. Mo ní kó wá àga jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà yóò gùn. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín, pẹ̀lú èyí tí n kò lè sọ tán lórí fóònù.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ka sáyẹ́ǹsì, búrẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá dígí gígùn tóóró, tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí lára, tó ní kọ́ọ̀kì kékeré nísàlẹ̀ tí a fi ń jẹ́ kí omi kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí èérí bá wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n tó ń sọ fún ọ ti di irọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí fífọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń san fún un.

Kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ lábù, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí à ń fi fọ èérí kọ̀ọ̀kan. Eérú àti yanrìn ni ti ẹ̀yìn ìkòkò tí èéfín ti sọ di dúdú. Ewé ìpín, tí ojú rẹ̀ há bíi sáńpépà, ni ti igbá àti ọpọ́n. Bí ọ̀bẹ bá dípata, ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò là sí méjì tí yóò fi ra á. Bí epo bá gan mọ́ àwo, omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá jó mọ́ ìdí ìkòkò, kì í jẹ́ kí a fi irin ha á. Yóò bu omi kún un, yóò ní kí á lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìjókòó èérí náà ti tú. Mo máa ń rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é nígbà náà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò bàbá mi ló mú mi wá sí Kaduna. Oníṣòwò ni, ọ̀kan nínú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé ọjà lọ sí òkè Ọya, tí wọ́n sì gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dání. Kaduna Polytechnic ni mo ti kọ́ iṣẹ́ lábù, lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú náà gbà mí síṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin Haúsá kan, ará Tudun Wada, ni olùrànlọ́wọ́ mi. Yóò fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Kò ní ìwé ẹ̀rí, kò sì lè ka àkọlé ara ìgò, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú lábù náà kí n tó dé, ọ̀gá mẹ́ta ló ti kọjá lójú rẹ̀. Èmi a máa pè é ní Baba nítorí ọjọ́ orí. Òun a máa pè mí ní Ọ̀gá nítorí iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 ń múra sílẹ̀ de ìdánwò WAEC, wọ́n sì wà lẹ́nu ìdánrawò pẹ̀lú búrẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni ìwọ́de wáyé lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà tí wọ́n ń gbèrò láti gbé kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bó ṣe yí padà, n kò sì fẹ́ tún un sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a rí èéfín lókè ilé, a kó àwọn ọmọ jáde. Kò sẹ́ni tó rántí búrẹ́ẹ̀tì.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin kí n tó tún fi ẹsẹ̀ tẹ lábù náà. Ilé tí mo háyà ti jóná pẹ̀lú gbogbo ìwé mi àti aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó mi. Ìsọ̀ àbúrò Baba náà ti jóná. Àwọn èèyàn ń kó ẹrù kọjá odò Kaduna, Kristẹni ń lọ sí ìhà gúúsù, Mùsùlùmí ń lọ sí ìhà àríwá, àfi bí ẹni pé afárá ti di ààlà láàrin ìlú méjì. Àwa lọ wọ̀ sínú yàrá kan lọ́dọ̀ díákónì kan ní Sabon Tasha.

Mo bá Baba lẹ́nu ìgbálẹ̀. Ó ní, "Sannu, Ọ̀gá." Mo fi imú dá a lóhùn. Kò ṣẹ̀ mí, mo sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gan-an Mùsùlùmí ni, kò sí Iléyá kan ní kékeré mi tí n kò jẹ ẹran rẹ̀. Síbẹ̀, mo ti ka ọkùnrin yìí mọ́ àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo ní kó lọ máa tọ́jú yàrá bàọ́lọ́jì, pé èmi nìkan yóò palẹ̀ ti kẹ́mísìrì mọ́.

Ohun tí mo bá lórí tábìlì burú. Omi permanganate, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àlùkò bó bá ṣì wà ní tútù, ti gbẹ mọ́ inú búrẹ́ẹ̀tì, ó ti di nǹkan pípọ́n dúdúdúdú tó lẹ̀ mọ́ dígí. Manganese dioxide ni orúkọ rẹ̀. Omi kì í tú u, ọṣẹ kì í tú u. Ìgò sodium hydroxide tí àwọn ọmọ ti fi ìdérí dígí dé ti gan pa, funfun bí iyọ̀ ti yí ọrùn wọn ká. Bí a bá ti fi omi ṣan gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní ọjọ́ náà gan-an, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní kọjá lórí wọn. Ní báyìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ kí lábù ṣeé lò láàrin ọjọ́ méjì.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Ní táàmù tó ṣáájú, mo ti fi hydrochloric acid tí a là lómi fọ àwọn bíkà kan tí ìpata irin ti mú kí wọ́n pọ́n, wọ́n sì mọ́ lọ́gán. Èyí náà pọ́n. Mo ní ohun kan náà ni. Àti pé èyí le ju ti ìṣáájú lọ, nítorí náà ásíìdì líle tí a kò là ni yóò ká a. Mo kó àwọn kọ́ọ̀kì àti pípẹ́ẹ̀tì tó pọ́n jù sínú bíkà ńlá kan, mo da ásíìdì náà lé wọn lórí, mo gbé e lé iná gáàsì kí ó lè yá. Fèrèsé wà ní títì nítorí eruku. Mo ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú, nítorí pé n kò fẹ́ rí Baba.

Ẹnikẹ́ni tó bá ka kẹ́mísìrì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà kà á, mo tilẹ̀ máa ń bá àwọn olùkọ́ tò ó fún àwọn ọmọ. Carl Wilhelm Scheele, ará Sweden, ló kọ́kọ́ fi hydrochloric acid àti manganese dioxide ṣe é ní ọdún 1774: gáàsì chlorine ló ń jáde. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní oṣù kẹrin ọdún 1915, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ bá àwọn ọmọ ogun nínú kòtò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nínú ìwé kò sí lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Ìbínú ló wà níbẹ̀.

Èéfín kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé tó ń rọ gòkè láti inú bíkà náà. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti Jik tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n da kẹ́ẹ̀gì kan rẹ̀ sí mi ní imú. Ọ̀fun mi dí. Ojú mi ń ṣomi, n kò rí ọ̀nà. Mo ń wúkọ́, bí mo bá sì ti fẹ́ mí láti tún wúkọ́, òun náà ni mò ń fà wọlé. Chlorine wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wá, mo sì ti kúnlẹ̀. Ìbi tó burú jù lọ nínú yàrá náà ni mo kúnlẹ̀ sí.

Baba ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ ikọ́ mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọ́ mi láti abẹ́ apá jáde, ó tẹ́ mi sábẹ́ igi dongoyaro tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló rẹ fìlà rẹ̀ sómi, ó fi bo imú, ó padà wọlé lọ pa iná, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé. Kò yẹ kó padà wọlé. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ sá jáde, ẹ pe àwọn tó yẹ, aṣọ tútù kò tó ààbò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òun náà fi wúkọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ ibi tí mò ń gbé ni mo ń tọ́ka sí, n kò lè sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé kí a kọjá afárá. Ó pe achaba kan, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó dì mí mú kí n má baà ṣubú, a sì kọjá sí apá ibi tí ẹni tó wọ irú aṣọ tirẹ̀ kì í dé ní oṣù náà. Mo gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe ń bi ọlọ́kadà náà léèrè. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo fi di apá Baba mú kí wọ́n lè rí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe nìyẹn.

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ lọ sílé mọ́jú, nítorí pé ọṣẹ́ tí gáàsì yẹn ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró lè fara pamọ́ fún wákàtí mélòó kan kí ó tó yọjú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, Baba kò lè dá kọjá afárá padà. Orí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sùn sí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ W.M.U. ìjọ wa gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi, ó rí i, ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo kọ ọ́ sórí bébà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó wò mí, ó wò ó, ó pín oúnjẹ náà sí méjì.

Ọjọ́ kẹta la padà sí lábù, àwa méjèèjì. Baba kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó ti kọjá. Ó rìn lọ sí pẹpẹ, ó na ọwọ́ sí ìgò kan ní ìlà kejì, ó ní, "Èyí ni ọ̀gá tó ṣáájú ẹ̀yin méjèèjì máa ń lò fún pípọ́n báyìí. Iyọ̀ funfun yìí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. A hankali." Mo wo àkọlé rẹ̀: oxalic acid. Ìgò náà ti wà níwájú mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Òun la tilẹ̀ ń fi ṣe ìdánrawò pẹ̀lú permanganate náà.

Báyìí la ṣe é, báyìí náà ni mo sọ ọ́ fún ọmọ Leeds. A wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ààbò ojú, nítorí májèlé ni oxalic acid fúnra rẹ̀. A ṣí fèrèsé. A wọn gíráàmù 5 rẹ̀ sínú mílílítà 100 omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a fi sulphuric acid tí a ti là lómi díẹ̀ sí i. Ásíìdì la máa ń da sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì líle, nítorí yóò hó, yóò sì ta síni lójú. A rọ ọ́ sínú búrẹ́ẹ̀tì, a kò dé ẹnu rẹ̀, nítorí gáàsì ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń bá ara wọn jà. Gáàsì yìí kò le bíi ti ìṣáájú, òun náà ló wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. A dúró. Kò tó ìṣẹ́jú díẹ̀ tí àwọ̀ tábà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wá sílẹ̀, dígí sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí kò bá sí oxalic acid, oògùn Vitamin C tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, tí a gún tí a pò mọ́ omi, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn kì í gbà mí gbọ́ títí wọ́n á fi dán an wò.

Nígbà tó mọ́, a fi omi ẹ̀rọ ṣan án dáadáa, lẹ́yìn náà a fi distilled water ṣan án nígbà mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí a tó gbà pé ó mọ́, a wo bí omi ṣe ń ṣàn lára rẹ̀. Bí dígí bá mọ́ tán, omi yóò tẹ́ sára rẹ̀ pẹlẹbẹ láìya. Bí ọ̀rá kan bá ṣẹ́kù, omi náà yóò ta jọ róbótó-róbótó bí omi orí ewé kókò. Irú èyí tún pọ̀ lára búrẹ́ẹ̀tì, nítorí vaseline tí wọ́n ń fi sí kọ́ọ̀kì. A ó fi bébà nù ún kúrò, a ó fi acetone díẹ̀ ra á, lẹ́yìn náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ. Acetone yìí kò gbọdọ̀ fojú kan nitric acid láéláé, bẹ́ẹ̀ ni spirit náà kò gbọdọ̀ fojú kàn án: iná ni, tàbí ìbúgbàù. Bákan náà ni Jik kò gbọdọ̀ pàdé ásíìdì kankan, kódà nínú ilé ìwẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn. Gáàsì tó gbé mi ṣánlẹ̀ náà ni yóò jáde.

Ti ìgò sodium hydroxide gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́míkà yìí máa ń jẹ dígí díẹ̀díẹ̀ níbi tí ìdérí àti ọrùn ìgò ti pàdé, ìdí nìyí tí ìdérí rọ́bà fi yẹ ẹ́. Mo fẹ́ fi irin gbá ọ̀kan, Baba gba irin náà lọ́wọ́ mi. Ó da orí wọn kodò sínú omi títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná wé ọrùn ìgò, kí ọrùn náà lè fẹ̀ kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ ìdérí, ó sì ń fi igi kékeré kan kàn án jẹ́jẹ́ yí ká. Mẹ́rin ṣí. Mẹ́ta kọ̀, a kó wọn dànù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú wọn, a wé wọn, a kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sí wọn lára.

Ibi tí a ti ń palẹ̀ mọ́ náà la ti rí ìgò àtijọ́ kan ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, omi inú rẹ̀ pupa bí epo tó ti pẹ́. Chromic acid ni, potassium dichromate tí wọ́n pò mọ́ sulphuric acid líle. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ọba gbogbo ohun tí wọ́n fi ń fọ dígí lábù káàkiri ayé. Kò sí ọ̀rá tó lè dúró níwájú rẹ̀. Àmọ́ àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ fún àjọ ìlera àgbáyé ti kéde ní ọdún 1990 pé irú chromium tó wà nínú rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí a bá sì dà á sínú gọ́tà, odò Kaduna ló ń lọ, láti ibẹ̀ sí Shiroro, láti ibẹ̀ sínú odò Ọya. Àwọn tó ń pọn omi rẹ̀ kò mọ̀ wá rí. Mo lẹ ìwé mọ́ ọn lára, a tì í pa, mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó yẹ kó wá gbé e. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n dé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo máa ń rántí Náámánì, tó bínú nítorí pé wẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kó wẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló pẹ̀tù sí i nínú. Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú Náámánì ni mo sì máa ń wò, n kì í wo ti àwọn ìránṣẹ́. Mo bẹ Baba ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kí ó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo sọ fún un pé mo ti ilẹ̀kùn nítorí tirẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun náà, ní òwúrọ̀ tí òun kí mi, orí ahọ́n lásán ni kíkí náà wà, nítorí ìsọ̀ àbúrò òun. A kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì kò lè tún ìlú ṣe.

Ọmọ Leeds dúró kí n parí. Ó ní, "Dádì, ásíìdì náà ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo pè yín o." Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó dá a padà sí àyè rẹ̀, kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní àárọ̀, kó sì béèrè ìwé tó ń ṣàlàyé ewu kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí lábù kan níbẹ̀ tí kò ní in. Kó má sì tijú láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní oxalic acid. Ó ya fọ́tò àwọn búrẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń dán.

Àwọn tiwa, nínú mẹ́rìnlélógún, mọ́kàndínlógún ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú. Ìròyìn bá wa nínú lábù lọ́sàn-án. Mo kó àwọn ọmọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka orí wọn, mo sì ń kígbe pé kí Baba máa bọ̀. Kò dáhùn. Nígbà tí mo yọjú wọlé, ó wà nídìí tábìlì, ó ń ṣí kọ́ọ̀kì àwọn búrẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tú permanganate inú wọn sínú báàkẹ́tì, ó sì ń bu omi mímọ́ sí wọn. Mo mú jọ́ọ̀gì kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì tábìlì. A pàdé láàrin, a ti ilẹ̀kùn, a sì jáde.